Ẹ̀rọ Tó Mọ London, Tí Kò Mọ Sàárè Yín

Bàbá mi ọ̀wọ́n, ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ ra táyà tẹ́ ò padà wálé mọ́,

Tí mi ò bá kọ lẹ́tà yìí, inú mi á bẹ́, àwọn ará Mówè á sì máa ṣa ìfun mi kiri títí dé Àrẹ́pò. Ọ̀rọ̀ àbúrò yín ni, Bàbá Ifọ̀. Ẹ má bínú pé "ó" ni n ó máa pè é níhìn-ín. Tá a bá pàdé, mò ń kúnlẹ̀ kí i, àmọ́ orúnkún mi nìkan ló ń kí i, èmi fúnra mi ò sí níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọmú kan náà lẹ jọ mu lóòótọ́? Lójú tèmi, wọ́n gbé ọmọ ẹlòmíì fún Màmá Àgbà lọ́sibítù ni, ojú wá ń tì wọ́n láti dá a padà.

Ẹ ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn yín. Lọ́jọ́ tí Alájì ọ̀rẹ́ yín fóònù láti Lòmé pé ẹ ṣubú lulẹ̀ láàárín táyà tẹ́ ẹ̀ ń ṣà, pé ẹ ti lọ, wọ́n ti sin yín kí oòrùn tó wọ̀, bí ẹ̀sìn ṣe wí. Àwa ò tíì gbà pé ẹ kú, ilẹ̀ ti gbà yín. Alájì náà ti kó lọ sí Gàbọ́ọ̀nù báyìí, nọ́ńbà rẹ̀ ò lọ mọ́. Orúkọ àdúgbò tí ibi ìsìnkú àwọn mùsùlùmí náà wà nìkan ló fi sílẹ̀ fún wa. Láti ìgbà yẹn, ohun kan ṣoṣo ni Màmá mi ń fẹ́ láyé: kí wọ́n fi ojú ara wọn rí ibi tẹ́ ẹ sùn sí. Wọn kì í sọkún. Wọ́n kàn máa ń bu tíì yín sínú ife láàárọ̀, wọ́n á rántí, wọ́n á sì dà á padà sínú kẹ́tùlù. Ṣé ẹ rántí bẹ́ ẹ ṣe máa ń ri búrẹ́dì sínú tíì yẹn títí á fi rì, tẹ́ ẹ ó wá máa fi ṣíbí wá òkú ẹ̀ kiri? Ó máa ń rí mi lára nígbà yẹn. Bí èmi náà ṣe ń jẹ tèmi báyìí nìyẹn.

Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tí Màmá mi jáde nínú tàkáàbà opó tí Bàbá Ifọ̀ fi yọ sí wa. Ó da lọ́fínńdà sára débi pé àwọn eṣinṣin ilé wa ń já lulẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó jẹ ìrẹsì wa, ó fa ojú ẹja mu tòun tariwo, ó nu ọwọ́ sí kọ́tìnnì tẹ́ ẹ fi ọwọ́ yín so kọ́, ó wá ní kí Màmá mi fẹ́ òun. Ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, pé àbúrò ló ń ṣú opó ẹ̀gbọ́n. Bàbá mi, eyín tí obì ti kùn, tí ẹran ẹja há sí, ẹnu yẹn ló fi ń sọ̀rọ̀ ìfẹ́!

Màmá mi rọra dá a lóhùn: "Ẹ ṣeun, Bàbá Ifọ̀. Ẹ̀gbọ́n yín ni mo fẹ́. Mi ò fẹ́ gbogbo ẹbí."

Ó dìde fùú. "Kò burú, ìyàwó. Ẹni tó bá ti kọ̀ wá, kò ní bá wa débi òkú wa. N ó lọ sí Lòmé, n ó sì dá lọ ni."

Ẹ wo ìkà! Òun nìkan ló ní mọ́tò nínú ẹbí wa báyìí, ó sì mọ̀ pé Màmá mi ò ní dá sọdá bọ́ọ̀dà láé láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń gbọ́ ìròyìn adigunjalè. Àmọ́ òun fúnra rẹ̀ kò kọjá Ìdíìrókò rí láyé. Màmá mi ló ń ra aṣọ ní Lòmé kí wọ́n tó bí mi, tí wọ́n gbọ́ Ègùn, tí wọ́n sì gbọ́ Faransé ọjà. Ẹni tó yẹ kó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wá mú òun lọ ló ń tì wọ́n sẹ́yìn.

Àrà tó wá dá nìyí. Ẹnì kan ní ẹ́síteètì OPIC tó ti London dé sọ fún un pé ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ń pè ní GPS, pé sátẹ́láìtì ló ń bá a sọ̀rọ̀ látòkè, pé tó o bá gbé e síwájú mọ́tò, á máa júwe ọ̀nà fún ẹ ní ìlú tó ò dé rí. Inú ọ̀gbẹ́ni dùn bí ẹni jogún. Ó ní ẹ̀rọ náà dára ju obìnrin lọ: kì í gbé ẹrù, kì í ní ká dúró kóun tọ̀, kì í sì í kọ ọkùnrin. Iwájú Màmá mi ló ti sọ ọ́, ó tún rẹ́rìn-ín, itọ́ ta sí mi létí.

Torí pé ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe ni mò ń lọ látìgbà tí mo ti ṣe WAEC tán, ó ní èmi ni n ó bá òun yan èyí tó dáa. Bá a ṣe forí lé Ìbafọ̀ nìyẹn, lọ́dọ̀ ẹnì kan tó ń ta ẹrù tòkunbọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ márosẹ̀.

Bàbá Ifọ̀ ní Lòmé lòun ń lọ, ọlọ́jà wá kó mẹ́ta jáde. Ọ̀kan rí bíi rédíò àwọn sójà. Kò lè sọ̀rọ̀, àmọ́ tó o bá dé ibì kan, wàá tẹ̀ ẹ́, á fi ibẹ̀ pamọ́ kó o lè mọ̀ ọ́n padà lọ. Èyí tó tẹ̀ lé e ò lẹ́wà, ojú rẹ̀ ti ha yánnayànna, àmọ́ ẹnì kan ti fi máàpù apá ọ̀dọ̀ wa yìí sí i. Mo wo inú rẹ̀, mo rí Kùtọnu, mo rí Lòmé, mo rí ọ̀nà etí òkun gbọọrọ. Ẹ̀kẹta ń dán bí orí apárí. Ojú rẹ̀ fẹ̀, obìnrin kan wà nínú rẹ̀ tó ń fi imú sọ òyìnbó, àmọ́ ìlú ọba nìkan lobìnrin yẹn mọ̀ láyé. Tó o bá kúrò níbẹ̀, ó ti fọ́jú.

Bàbá Ifọ̀ pọ́n ìka lá, ó wá fi ìka itọ́ obì yẹn ra ojú ẹ̀rọ bí ẹni ń ṣí ìwé. Gbogbo irun ara mi dìde.

"Èwo la máa mú, ọmọ mi?"

Tí mo bá ní kó mú èyí tó ha lójú, á dé Lòmé wọ́ọ́rọ́wọ́, Màmá mi ò sì ní débẹ̀ títí wọ́n á fi dàgbà. Ẹ̀yin lẹ bí mi, ẹ mọ ohun tí mo ṣe.

"Èyí tó ń dán yìí ni o, Bàbá. Òun làwọn mínísítà ń lò. Tí obìnrin yìí bá ti lanu, kòtò á máa dí ara ẹ̀!"

Ọlọ́jà wò mí, èmi náà wò ó. Kì í ṣe olè, ó gbìyànjú. "Bàbá, ṣé Lòmé lẹ ní ẹ̀ ń lọ? Ẹ bá mi yẹ ti àárín yìí wò."

Bàbá Ifọ̀ yínmú. "Gbé ìdọ̀tí yẹn kúrò níwájú mi, jàre. Ẹ̀rọ tó mọ London, ṣé Lòmé ló máa wá ṣòro fún un?"

Mo yíjú sí ògiri. Ẹ̀rín ń gbá mi nínú bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ bí.

Àmọ́ ọgbọ́n mi jù mí nù, Bàbá mi. Mo rò pé tó bá ti rí i pé ẹ̀rọ náà ò ríran, á bẹ Màmá mi kó tó kúrò nílé. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó ní èmi ni n ó bá òun lọ, kí n máa bá òun tẹ̀ ẹ́. Òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn, Màmá mi ta kókó ìborùn mi fún mi, wọ́n tú u, wọ́n tún ta á. "Bá mi kí wọn," ni wọ́n sọ, wọ́n sì wọlé. Ṣé ẹ mọ bó ṣe rí, kéèyàn jókòó sórí ìjókòó tí kì í ṣe tiẹ̀?

Ní Ifọ̀, ó pe gbogbo ará àdúgbò jáde kí wọ́n wá wo òyìnbó tó fẹ́ mú òun dé Lòmé. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì. Funfun. Ojú ẹ̀rọ funfun bí àwo tí ajá lá, ọfà kékeré kan ló dá wà láàárín rẹ̀ bí ọmọ tó sọnù lọ́jà. A dé Ìlaròó, funfun. A dé Ìdíìrókò, funfun.

"Ó ń sùn ni," ni Bàbá Ifọ̀ wí. "Tó bá dé ìlú onílùú, á jí."

A sọdá. Kò jí. Nígbà tá a dé Àjàṣẹ́, mọ́ṣáláṣí ńlá kan la yí po títí àwọn tó ń ta bẹntiróòlù nínú ṣágo lẹ́bàá ọ̀nà fi bẹ̀rẹ̀ sí í juwọ́ sí wa bí ẹni mọ̀ wá látìgbà ìwáṣẹ̀. Mo ní kó jẹ́ ká bi wọ́n. Ó ní ará oko ló ń béèrè ọ̀nà, òun ti ra ẹ̀rọ. Ẹ̀yin wá ńkọ́? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń dúró béèrè ọ̀nà ilé ara yín, torí pé ẹ kàn fẹ́ bá onítọ̀hún ṣàwàdà? Ojú máa ń tì mí tí mo máa ń sún wọlẹ̀ nínú mọ́tò. Lọ́jọ́ yẹn ní Àjàṣẹ́, ǹ bá fowó rẹ̀pẹtẹ ra ìtìjú yẹn.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lu ẹ̀rọ. "Sọ̀rọ̀! Ṣé o ya odi ni? Sọ̀rọ̀, ìyá ẹ!" Òógùn ń kán sí orí kọlà rẹ̀, ó ń rùn bíi gaàrí tó kan.

"Bàbá," ni mo wí, "mo mọ ẹnì kan tó mọ̀nà. Kì í lo bátìrì."

Ó tu obì jáde ní fèrèsé, atẹ́gùn dá a padà, gbogbo rẹ̀ bà sí mi lápá aṣọ. Àní ó ṣì wà lára aṣọ yẹn títí dòní. Ó wá yí orí mọ́tò padà sí Nàìjíríà.

Lẹ́yìn Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà wa ní Mówè. Ẹ̀bẹ̀ ò lè jáde lẹ́nu rẹ̀. "Ìyàwó... ẹ̀rọ yẹn... wọ́n ní àfi kí àgbàlagbà kan jókòó tì í." Kó tó parí rẹ̀, Màmá mi ti wọ híjáàbù, wọ́n ti gbé báàgì. Láti ìgbà wo ni báàgì yẹn ti wà ní dídì? Mi ò mọ̀.

Wọ́n jókòó síwájú. Ẹ̀rọ bọ́ sórí itan mi lẹ́yìn. Ní Àjàṣẹ́, Màmá mi yí gíláàsì wálẹ̀, wọ́n sọ Ègùn díẹ̀, àwọn ọlọ́ṣágo rẹ́rìn-ín, wọ́n sì nawọ́ sọ́nà. A gba Kùtọnu kọjá, òkun wà lọ́wọ́ òsì wa lọ súà, Màmá mi ò sì ṣìnà lẹ́ẹ̀kan.

Ibi tẹ́ ẹ wà yẹn, kò sí òkúta, kò sí orúkọ. Òkìtì iyẹ̀pẹ̀ lásán ló kún ibẹ̀. Bàbá arúgbó tó ń ṣọ́ ibẹ̀ rántí yín. Ó bá Màmá mi sọ̀rọ̀ pẹ́, ojú Màmá mi wá yí padà. Àlejò méjì ni wọ́n sin lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ẹ̀yin àti aránṣọ kan tó ti òkè Tógò wá, tí kò ní ẹbí nítòsí. Ẹ̀gbẹ́ ara yín lẹ wà. Èwo ni tẹni wo, bàbá náà ò mọ̀ ọ́n mọ́.

"Ti ọ̀tún ni," ni Bàbá Ifọ̀ wí kíákíá. "Ẹ jẹ́ ká mú ti ọ̀tún."

Bí ẹni tó tún wà ní ṣọ́ọ̀bù Ìbafọ̀! Màmá mi ò wò ó. Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n kúnlẹ̀ sí àárín méjèèjì. "Ẹ kú ilé o. Ẹ̀yin tí mi ò mọ̀, ẹ má bínú, iwájú ilé yín ni mo gbà kọjá. Ọkọ mi ni mo wá kí." Wọ́n wá ń ròyìn ilé, wọ́n á kọjú sọ́tùn-ún, wọ́n á kọjú sósì, bí ẹni tó ń bu oúnjẹ fún àlejò méjì tí kò fẹ́ kí ọ̀kan rí i pé tòun kéré.

Mo gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn mi. Bàbá Ifọ̀ ló ń sunkún. Ikun imú rẹ̀ gùn dé àgbọ̀n, ó fa ìborùn mi yọ lọ́rùn mi, ó fun imú sí i. Ó kó mi nírìíra débi pé mo fẹ́ pariwo. Mi ò gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀ ṣá.

Èmi kúnlẹ̀ sí ti òsì. Mo fi ẹnu sún mọ́ iyẹ̀pẹ̀, mo sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ náà fún yín jẹ́jẹ́ kí Bàbá Ifọ̀ má gbọ́, bí mo ṣe yan èyí tó fọ́jú kí Màmá mi lè dé ọ̀dọ̀ yín. Mo tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ìgbà tá a padà dé Mówè ni àyà mi já. Bàbá mi, ṣé ẹ̀yin ni, àbí aránṣọ? Tó bá jẹ́ ọ̀tún lẹ wà, á jẹ́ pé aránṣọ kan tí kò gbọ́ Yorùbá ló gbọ́ àṣírí mi, ẹ̀yin tí mo ṣe é torí yín ò sì gbọ́ nǹkan kan. Ìdí tí mo fi jókòó kọ ọ́ nìyí.

Èmi ni, ọmọ yín, tí ìfẹ́ mi sí yín gùn ju ẹnu mi lọ.