Wọn Kò Lé Mi Níbi Iṣẹ́

                                        Ojúlé Kọkàndínlógún,
                                        Marks Gate,
                                        Dagenham, London.
                                        Ọjọ́ Kẹwàá, Oṣù Kẹta, 2025.

Láyí, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Màmá ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti fúyẹ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ kú ooru. Ní tiwa, òtútù kò tíì fi wá sílẹ̀. Jìmí ọkọ mi àti àwọn ọmọ wà ní àlàáfíà. Ìkíni parí, jẹ́ kí n bọ́ sọ́rọ̀.

Wọn kò lé mi. Mo gbọ́ pé ìròyìn náà ti dé Ṣágámù, mo sì mọ ẹni tó gbé e débẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo fiṣẹ́ sílẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ṣe lọ́yà lábẹ́ ọ̀gá tí lẹ́tà ojú ìwé kan máa ń sùn ọjọ́ mẹ́jọ lórí tábìlì rẹ̀. Ṣé ohun tí wọ́n kọ́ èmi àtìwọ nílé ẹ̀kọ́ okòwò, kí n tó lọ kọ́ òfin, nìyẹn? Ní báyìí, ilé iṣẹ́ lọ́yà kan ń bá mi bójú tó ìwé àṣẹ àti inṣọ́ránsì, wọ́n ń mú ìpín tiwọn nínú owó tí mo bá pa. Èmi ni mo ń wá oníbàárà, èmi ni mo ń yan wákàtí mi. Kò sí owó oṣù o. Bí n kò bá sì mú oníbàárà kankan wá láàárín oṣù mẹ́ta, wọn yóò ní kí n máa lọ. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Àṣìṣe mi ni pé mo sọ fún Ìyá Ìjọ pé mo ti kúrò níbi iṣẹ́, kí wọ́n fi mí sínú àdúrà. N kò tíì ṣàlàyé tí wọ́n ti gbọ́wọ́ lé mi lórí. Ní Sunday tó ṣáájú ti àná, wọ́n pè mí síwájú nínú sùtánà mi, gbogbo ìjọ kúnlẹ̀: "Olúwa, wá iṣẹ́ fún ọmọ rẹ!" Ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n gbà lé e. Jìmí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Èmi kò rẹ́rìn-ín, nítorí oníbàárà kan ṣoṣo tí mo ń lé ni Alhaji Hamid, ọkọ Magdalene tí a jọ ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Alhaji fẹ́ gba ilé ìkẹ́rùsí ní River Road, onílé sì ní kò gbọdọ̀ kọjá ọjọ́ Ẹtì. Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá wọ́n pè mí: "Lọ́yà, ẹ má bínú o. Ìyàwó mi ní wọ́n lé yín. Kí lẹ jí?"

Mo ní kí wọ́n dúró dè mí nínú ilé ìkẹ́rùsí náà, mo ń bọ̀. Kí tíì tí wọ́n gbé fún mi tó tutù, mo ti ka ìwé àdéhùn náà tán, mo sì fìka sí gbólóhùn kan: Alhaji ni yóò tún gbogbo òrùlé ṣe. Òrùlé yẹn kan náà ló ń jò sí wa lórí bí a ti jókòó! Wọ́n wòkè, wọ́n wòwé. "Háà! Ẹ bá mi yọ ọ́ kíá." Lọ́jọ́rú, lọ́yà onílé gbà, lọ́jọ́bọ̀, Alhaji buwọ́ lùwé. Wọ́n ní, "Bí àwọn lọ́yà tí wọ́n lé bá ń yára báyìí, kí wọ́n yáa lé gbogbo wọn!"

Lánàá, Ìyá Ìjọ ké Halelúyà pé mo ti ríṣẹ́, kí n wá jẹ́rìí. Mo fẹ́ ṣàlàyé, àmọ́ mo wo aago: ìsìn ti fi wákàtí kan kọjá àkókò. Mo kàn gba máíìkì, mo ní, "Iṣẹ́ ti dé. Ẹ má dá àdúrà dúró; oníbàárà ni kí ẹ máa bá mi bèèrè báyìí." Kí n tó bọ́ sùtánà, ẹni mẹ́rin ti tò sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́.

Bá mi kí Màmá àti àwọn ọmọ. Kí Wúrà ẹ̀gbọ́n rẹ pẹ̀lú, akéde wa. Sọ fún un pé kó gbé ìròyìn yìí náà kiri, kó sì yára bó ṣe yára gbé ti àkọ́kọ́.

Èmi ni tìrẹ tí kò lọ́gàá mọ́,
Moṣọpẹ́.