Ẹ Má Ta Oko Kajú Nítorí Kíndìnrín Mi

Bàbá mi, okun o. Ẹ kú ilé o, ẹ kú iṣẹ́ oko. Mo kí Màmá, mo kí Bàbá Kékeré, mo sì kí gbogbo ará ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n dáwó fún iṣẹ́ abẹ mi. Nítorí tiwọn ni mo ṣe fẹ́ kí a ka lẹ́tà yìí sétígbọ̀ọ́ gbogbo èèyàn.

Òjò ò dá l'Ékòó láti ọ̀sẹ̀ méjì. Wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé fíríìjì wá fún àtúnṣe lásìkò báyìí, nítorí náà èmi nìkan ni mo máa ń jókòó sí ṣọ́ọ̀bù láti àárọ̀.

Nígbà tí Abíọ́lá, àbúrò mi, fún mi ní kíndìnrín rẹ̀ kan lọ́dún tó kọjá, gbogbo wa rò pé iṣẹ́ abẹ ni ìnáwó. Iṣẹ́ abẹ parí, ìnáwó ò parí. Òògùn wà tí mo gbọ́dọ̀ máa lò láàárọ̀ àti lálẹ́ títí ayé, kí ara mi má baà kọ kíndìnrín tí kì í ṣe tirẹ̀. Owó tó ń wọlé fún mi kò ká a. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í lo ti àárọ̀ nìkan, mò ń fi ti alẹ́ pamọ́ de oṣù tó ń bọ̀.

Oṣù mẹ́ta ni mo ṣe bẹ́ẹ̀ kí ẹsẹ̀ mi tó wú, tí ibà sì dé. Ní ọsibítù, dókítà bi mí bóyá mò ń lo òògùn mi pé. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó wo èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ mi, ó tún bi mí. Ìgbà yẹn ni mo jẹ́wọ́. Ó ní ara mi ti ń bá kíndìnrín náà jà. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi fa omi òògùn sí mi lára. Owó ọjọ́ kan níbẹ̀ ju gbogbo owó tí mo rò pé mo ti fi pamọ́ lóṣù mẹ́ta yẹn lọ. Mo ta ẹ̀rọ tí mo fi ń rọ gáàsì sínú fíríìjì láti fi san án.

Abíọ́lá wá láti Kábà. Kò sunkún. Ó bi mí pé kí ló dé tí n kò pe òun, èmi tí mo mọ̀ ọ́n pè nígbà tí mo nílò kíndìnrín. Ó fọ aṣọ mi, ó lọ bá dókítà sọ̀rọ̀, ó sì padà sí iléèwé tó ti ń kọ́ni.

Kíndìnrín náà kò kú. Dókítà ní kò ní lágbára bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́.

Bàbá, Abíọ́lá ní ẹ ti ń wá ẹni tí yóò ra oko kajú Odò-Àpé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tà á. Bí a bá tà á, ẹ̀ẹ̀kan la ó ná owó rẹ̀ tán. Òògùn ò sì ní tán. Ẹ jẹ́ kí oko máa so. Lọ́dọọdún tí ẹ bá ti ta kajú, ẹ fi ìwọ̀n tí agbára yín bá ká ránṣẹ́ sí mi. Mo ti gba iṣẹ́ oṣù síbi tí wọ́n ti ń ṣe yìnyín, oṣù tó ń bọ̀ ni màá bẹ̀rẹ̀. Èmi ni yóò wá èyí tó bá kù. Bí òògùn bá sì fẹ́ wọ́n mi, màá sọ. Ìtìjú ni kò jẹ́ kí n sọ tẹ́lẹ̀, ìtìjú ọ̀hún sì wọ́n ju òògùn lọ.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹ̀yin àti Màmá pẹ́ fún wa, kí ẹ jẹun ọmọ. Ẹ bá mi kí tẹbí tará, àgbà àti èwe.

Èmi ni ọmọ yín,
Fúnṣọ́