Bàbá Dùnsìn, Kọ̀ǹpútà Ẹ̀pẹ́ Yẹn Ti Ní Jọ́nà

Ọdún márùn-ún rèé tí ẹ lọ, Bàbá Dùnsìn. Èmi tí mo máa ń ní kí ẹ bá mi tan sọ́kẹ́ẹ̀tì torí ẹ̀rù, èmi náà ni mò ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ìkòròdú báyìí. Ṣọ́ọ̀bù yín ò tíì kú. Dùnsìn ti wọ yunifásítì, ó ti ga jù mí lọ.

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ jẹ́wọ́. Kọ̀ǹpútà ilé ìgbẹ̀bí Nọ́ọ̀sì Agnes ní Ẹ̀pẹ́, èyí tí ẹ fẹ́ fi jọ́nà sí lọ́sẹ̀ tí ẹ kú, n ò fọwọ́ kàn án. Ẹ ti ṣàlàyé ẹ̀ fún mi: kọ̀ǹpútà á kọ́kọ́ kọ ohun tó fẹ́ ṣe sínú jọ́nà, tí iná bá lọ láàárín, á ka ohun tó kọ, á mọ ibi tó bá iṣẹ́ dé. Ó yé mi. Ẹ̀rù ló bà mí. Orúkọ gbogbo aláboyún àti irú ẹ̀jẹ̀ wọn ló wà nínú díìsìkì yẹn. Tí mo bá bà á jẹ́ ńkọ́? Lọ́dọọdún ni mò ń sọ fún Nọ́ọ̀sì pé ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Lóṣù kẹrin ọdún yìí, iná lọ níbi tí wọ́n ti ń kọ nǹkan sínú fáìlì obìnrin kan, Mardiyah. Nígbà tí kọ̀ǹpútà máa padà tàn, fáìlì ti pòórá. Lọ́jọ́ kejì ló bímọ, ẹ̀jẹ̀ ò dá. Wọ́n wá irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ títí, wọn ò rí i. Ọpẹ́lọpẹ́ Kabir ọkọ rẹ̀ tó ní káàdì àtijọ́ kan nínú pọ́ọ̀sì, tí wọ́n kọ irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sí. Obìnrin yẹn ì bá kú, Bàbá Dùnsìn. Ìbẹ̀rù mi ni ì bá pa á.

Nọ́ọ̀sì ló pè mí sọ fún mi. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, mo wọ mọ́tò lọ sí Ẹ̀pẹ́. Mo kọ́kọ́ da gbogbo fáìlì kọ sínú díìsìkì mìíràn, bí ẹ ṣe máa ń ṣe. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣi àṣẹ tó máa fi jọ́nà sí i tẹ̀. Nọ́ọ̀sì ń gbàdúrà lẹ́yìn mi, ìyẹn tún wá dá kún ẹ̀rù mi. Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ọdún márùn-ún ni mo fi sá fún ìṣẹ́jú kan!

Látìgbà yẹn, iná ti lọ láìmọye ìgbà, fáìlì kankan ò sọnù. Síbẹ̀ ọkàn mi ò balẹ̀. Tí iná bá ti já báyìí, orúkọ yín ni mo máa ń ké kí n tó rántí pe Ọlọ́run. Dùnsìn ní kí n yé ṣe bẹ́ẹ̀. N ò lè ṣíwọ́. Mo fẹ́ràn yín, ọkọ mi, àárò yín ń sọ mí.

Fọláwùmí yín.