Àyè Tó Ṣófo Nínú Ìwé Ìdílé

                                                            Pearland,
                                                            Houston, Texas.
                                                            Ọjọ́ kejìlá, oṣù karùn-ún, 2025.

Àǹtí mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àtijọ́, ẹ kú àárò wa. Ṣé orúnkún tó ń dùn yín ti rọjú díẹ̀? Ṣé òjò ti ń rọ̀ ní Èrúwà, tí àgbàdo ẹ̀yìnkùlé yín sì ti yọ? Mo gbọ́ pé etí yín kò gbọ́ ti fóònù mọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ èyí, tí mo fi rán Olúṣínà ọmọ yín tó ń bọ̀ wálé láti ọ̀dọ̀ wa níbí. Ẹ jẹ́ kó kà á sókè sí yín létí, kó má sáré kà á o.

Ara mi le, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí, Àǹtí. Láti ọjọ́ tí Adéolú ọmọ mi ti fi wá sílẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá kan ilẹ̀kùn, àyà mi á já. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ló kù tí mo fi ń rí ojú rẹ̀. Ẹ rántí pé ọmọ Ṣáínà ni Olivia, ìyàwó rẹ̀. Ó ń tọ́jú mi. Tó bá ń lọ síbi iṣẹ́ ní Medical Center, ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ sí. Noah ni wọ́n ń pè é ní ilé ìwé. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́fà, ó sì ń rìn bíi bàbá rẹ̀.

Ní oṣù kẹrin, àwọn ará Ṣáínà máa ń lọ gbá ojú oórì àwọn ènìyàn wọn mọ́. Olivia àti bàbá rẹ̀ lọ sí ti Adéolú, wọ́n mú ọmọ dání. Mo bá wọn lọ, àmọ́ inú ọkọ̀ ni mo jókòó sí tí mo kọ ẹ̀yìn síbẹ̀, torí ìyá kì í mọ ojú oórì ọmọ tó bí. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo wo dígí ọkọ̀. Mo rí bàbá náà tó to ọsàn sílẹ̀, tó ń sun bébà fún òkú bí àṣà wọn, tó gbé ọwọ́ lé orí ọmọ, tí ọmọ sì tẹrí ba lẹ́ẹ̀mẹta. Ètè bàbá ń mì bí ẹni tó ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Ọkàn mi sọ fún mi pé ó ń gba ọmọ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Olivia sọ fún mi pé bàbá òun fẹ́ mú Noah lọ sí Ṣáínà ní oṣù keje, kí wọ́n lè kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ìdílé wọn. Ọgbọ̀n ọdún, ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n ń tún ìwé náà tẹ̀. Mi ò gbọ́ ohun tó sọ tẹ̀lé e mọ́. Bí wọ́n bá kọ ọmọ mọ́ tiwọn, ta ló kù ní ilé wa, ilé Akínṣọlá? Mo rò pé wọn ò ní mú un padà wá. Ẹ má bínú sí ohun tí mo ṣe. Ilé mi ni wọ́n fi páàsípọ́ọ̀tù ọmọ ránṣẹ́ sí. Mo fi ọ̀rá wé e, mo rì í sísàlẹ̀ ike gààrí. Nígbà tí Olivia bi mí, mo ní kò tíì dé. Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ pé kó má purọ́!

Ní Sátidé tó kọjá, Olivia àti bàbá rẹ̀ wakọ̀ wá láti Sugar Land. Bàbá gbé ìwé ńlá kan dání tí wọ́n fi aṣọ búlúù wé. Mo gbé omi tútù fún un, ó ní gbígbóná lòun fẹ́. Ó wò mí títí, ó ní, "Ìyá Adéolú, ṣé èmi lẹ ń bẹ̀rù?"

Ó ṣí ìwé náà. Ó ní ní ìgbà ìwásẹ̀, ọba méjì kan, Yándì àti Huángdì, wà létí odò ńlá kan tí omi rẹ̀ pọ́n bí omi amọ̀, pé àwọn ni ará Ṣáínà ń pè ní baba ńlá wọn, bí àwa ṣe ń pe Odùduwà. Mo bi í bóyá òótọ́ ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ta ló wà níbẹ̀? Ó ní nígbà tí òun wà ní ilé ìwé, wọ́n kọ́ àwọn pé àwọn egungun àtijọ́ tí wọ́n wú nínú ihò àpáta lẹ́bàá Beijing ni ti baba ńlá àwọn. Àmọ́ àwọn tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lóde òní ní láti ilẹ̀ Áfíríkà ni gbogbo ènìyàn ti ṣí lọ, ará Ṣáínà náà wà níbẹ̀.

Ni Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ bá ké láti abẹ́ tábìlì pé, "Grandma, so ọmọ Èrúwà ni Grandpa?"

Bàbá ní, "Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ bá mi bèèrè ilé wa níbẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín láìmọ̀. Lẹ́yìn náà ló wá fi ohun tó bá wá hàn mí. Ìran mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló wà nínú ìwé náà, látorí ẹni tó kọ́kọ́ kúrò létí odò yẹn lọ sí gúúsù. Ó ní ọmọ bàbá rẹ̀ ni Noah, àwọn kò lè gbà á. Abẹ́ Olivia ni orúkọ rẹ̀ máa wà, kí orúkọ bàbá rẹ̀ àti ti àwọn tó bí bàbá rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ohun tí òun lọ sọ fún Adéolú lójú oórì nìyẹn, òun ní kó má bínú. Ó mú bírò, ó ní kí n máa ka orúkọ lọ.

Ẹ̀rù tó bà mí nígbà yẹn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo ní Adéolú. Mo ní Láyíwọlá, ọkọ mi. Mo ní Akínṣọlá, bàbá yín. Ibẹ̀ ni orúkọ tán lẹ́nu mi. Bírò wà lókè, ó ń dúró dè mí. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo fi bá Láyíwọlá gbé kí ọlọ́jọ́ tó dé, mi ò bi í rí pé ta ló bí bàbá rẹ̀. Mo pe Olúṣínà, òun náà ní ibẹ̀ lòun mọ̀ ọ́n mọ. Bí a kò bá rí orúkọ, àyè yẹn á ṣófo fún ọgbọ̀n ọdún, ọmọ yìí á sì máa wò ó.

Mo dìde, mo lọ da gààrí sórí bébà nínú kíṣìnì, mo gbé páàsípọ́ọ̀tù jáde. Olivia wò ó, ó wò mí, ó ní, "Mummy! Ṣé ẹ fẹ́ tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀bà ni?" Ó bú sẹ́rìn-ín títí ó fi ń sunkún. Láti ọjọ́ tí Adéolú ti lọ, mi ò tíì gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ àfi lọ́jọ́ náà. Wọ́n á lọ ní oṣù keje. Ẹ̀rù ìrìn àjò náà ṣì ń bà mí, àmọ́ mi ò ní dí wọn lọ́nà mọ́.

Àǹtí, ọmọdé lè ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹ̀yin nìkan lẹ ní àkísà yìí, ẹ sì ti pé ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Mi ò gbàdúrà ibi o, ṣùgbọ́n ohun tó ń já mi láyà nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló bí Akínṣọlá? Ta ló bí ẹni yẹn? Níbo ni wọ́n ti wá sí Èrúwà? Ẹ pè é fún Olúṣínà, kó kọ ọ́ kó tó kúrò lọ́dọ̀ yín. Wọn á gbé ìwé náà fún àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ ní ìparí oṣù yìí.

Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé. Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ ní kí n kí yín, ó ń dọ̀bálẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Ó ku ohun kan. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n máa ń kọ ọdún tí wọ́n bí ẹni náà àti ọdún tó fi ayé sílẹ̀. Mo kọ ti ọkọ mi. Mo kọ ọdún tí mo bí Adéolú. Nígbà tó kan ọdún kejì fún un, mo gbé bírò sílẹ̀. Bàbá Olivia rọra pa ìwé dé. Olúṣínà ni àbúrò Adéolú, òun ló sì bá wọn gbé pósí rẹ̀ lọ́jọ́ ìsìnkú. Ẹ ní kó kọ ọdún tí mi ò lè kọ yẹn sórí bébà kékeré kan, kó ká a, kó fi sáàárín orúkọ àwọn bàbá rẹ̀. Màá gbé e fún wọn láìtú u.

Èmi ni ìyàwó yín tó ń retí èsì,

Ọmọ́níkẹ́