Ẹ Kà Á Kí Ẹ Tó Ṣílẹ̀kùn

Bàbá Naoto,

Ẹ má tíì wọlé. Ìta ni mo lẹ ìwé yìí mọ́. Tó bá wu aládùúgbò, kí ó kà á.

Ẹ mọ̀ pé òní ni wọ́n ń bọ̀ wá gbé mọ́tò ọmọ yín, ẹ sì sá lọ síbi iṣẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ kú iṣẹ́.

Ìjókòó ẹ̀yìn mọ́tò tí Naoto yọ, tó máa ń dá padà tí àyẹ̀wò mọ́tò tìjọba bá dé, mo ti gbé e fún ẹni tó ra mọ́tò. Kọ́bọ́ọ̀dù tó máa ń wà ti ṣófo. Ẹ má ṣí i.

Ọkùnrin náà bá sítáàtì mọ́tò. Sàlẹ́ńsà tí gbogbo àdúgbò ń torí ẹ̀ bú wa yẹn bú ramúramù, ni màmá yín bá sáré jáde: "Naoto ti dé! Ẹ gbé oúnjẹ ẹ̀ kaná!" Àwọn náà bá wa ṣa eegun Naoto nínú eérú lẹ́yìn tí a sun òkú ẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti gbàgbé. Wọ́n gbé sálúbàtà ẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n jókòó tì í. Wọ́n ní kí ló dé tí kò wọlé. Mo ní ó ń wá ibi tó máa páàkì sí.

Èmi àti ẹni tó rà á ń lọ yí orúkọ tó wà lórí ìwé mọ́tò padà. Mi ò ní pẹ́. Ẹ má kó sálúbàtà yẹn o.

Ẹ dúró síta, kí ẹ pariwo dáadáa pé ẹ̀yin ni. Mi ò fẹ́ kí wọ́n tún sáré dìde, kó wá jẹ́ ojú yín ni wọ́n máa rí.