Irọ́ Tí Mo Kọ Sínú Ìwé Aláìsàn

Ẹ kú ilé o, ìyá mi, ẹ sì kú àfẹ́kù wa. Mo kí bàbá mi, mo kí Ẹ̀gbọ́n Súlè àti gbogbo ará ilé l'Ójòwò. Ara mi le, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun.

Yìnyín ti bo ojú ọ̀nà níbí. Ṣúwẹ́tà mẹ́ta ni mo ń wọ̀ lé ara wọn kí n tó lọ sí ilé ìwòsàn tí a ti ń kọ́ṣẹ́ dókítà. Ẹ má ronú oúnjẹ mi. Abọ́ tí mo ń fọ̀ lópin ọ̀sẹ̀ ń bọ́ mi. Àìlẹ́nìkan ló le jù.

Ìyá mi, mo ṣe ohun kan. Wọ́n ní kí n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ bàbá àgbàlagbà kan. Mo fi rọ́bà wé e lápá, mo fi ẹ̀rọ sétí, n kò gbọ́ nǹkan kan. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ti parí tiwọn, ojú sì ń tì mí láti sọ pé n kò mọ̀ ọ́n. Ni mo bá kọ iye tó wù mí sínú ìwé rẹ̀.

Mo jókòó sídìí oúnjẹ ọ̀sán. Mo rántí ọjọ́ tí mo gé aṣọ oníbàárà yín bàjẹ́, tí mo fi í pamọ́. Ẹ kò nà mí. Ẹ mú mi lọ bá obìnrin náà kí n fẹnu ara mi sọ ọ́, ẹ sì tún gígé kọ́ mi títí ọwọ́ mi fi mọ́ ọn. Mo dìde, mo lọ sọ fún dókítà àgbà pé irọ́ ni mo kọ.

Mo rò pé wọ́n á lé mi. Wọ́n bi mí léèrè orúkọ mi, wọ́n ní ká jọ padà síbẹ̀, wọ́n sì kọ́ mi títí mo fi gbọ́ ọ: gbì, gbì. Ìfúnpá náà ga gan-an! Wọ́n fún bàbá náà lóògùn lójú ẹsẹ̀. Mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí irọ́ náà jì mí.

Mo ti wá rí i pé ẹni tí wọ́n ń fi àìmọ̀ rẹ̀ ṣẹ̀sín ni irọ́ máa ń yá lẹ́nu. Ẹni tí wọ́n kọ́, tí wọ́n jẹ́ kó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é, tí wọ́n sì kà kún ènìyàn, òtítọ́ kì í ṣòro fún un. Ẹ ṣé, ìyá mi, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ kà mí kún.

Bàbá náà padà sílé ní Jímọ̀ọ̀. Kó tó lọ, ó na apá sí mi, ó ní ẹlòmíràn kọ́, èmi ni kí n wọn tòun.

Ẹ bá mi kí Ìyá Àgbà n'Íbíadé, ẹ sọ fún wọn pé mo ń kírun. Kí Ọlọ́hun dá ẹ̀mí yín sí, kẹ́ ẹ jèrè iṣẹ́ ọwọ́ yín.

Èmi ni ọmọ yín,
Mùínátù