Ta Ni Yóò Ṣọ́ Ọkọ̀ Lóru?

Ọjọ́ Àìkú, Braamfontein

Mọ́mì ti gbà! Láti ìgbà tí Dádì ti ra ọkọ̀ onígbòkun yẹn sí Mombasa ni wọ́n ti ń sọ pé àwọn ò ní bá wa lo ìsinmi ọdún lórí òkun.

Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, Dádì tẹ́ àwòrán òkun sórí tábìlì oúnjẹ, wọ́n fi ìka tọ ọ̀nà wa dé Zanzibar. Mọ́mì ní, "Tí gbogbo wa bá sùn ńkọ́? Ta ló máa ṣọ́ ọkọ̀?"

Dádì ní, "Èmi náà ni."

"Ẹ̀yin kẹ̀? Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sùn ní róbọ́ọ̀tì, nídìí iná ojú pópó, títí wọ́n á fi fọn fèrè mọ́ wa!"

Mò ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ nígbà tí Mọ́mì nawọ́ sí mi. "Tí Tólú bá máa ṣọ́ òru, màá bá yín lọ. Ojo ni. Ojo kì í sùn lójú ewu."

Èmi tí mo máa ń ka iṣẹ́ mi lákàtúnkà kí n tó fi ránṣẹ́ sí olùkọ́! Tí mo bá rí iná ọkọ̀ mìíràn lókèèrè, báwo ni mo ṣe fẹ́ pariwo mọ́ Dádì láti jí wọn?

Mo bi Dádì bí mo ṣe máa jí wọn. Wọ́n ní, "Gbá mi lẹ́sẹ̀. Má wulẹ̀ kúnlẹ̀ kí mi o."

Ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Ṣùgbọ́n ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí ẹ̀rù mi máa wúlò fún ẹnikẹ́ni.